Ọ̀tẹ̀ Àwọn Ẹrú ní Saint-Domingue, 1791–1804: Ogun, Òmìnira àti Ọ̀rọ̀ Oko

Ìfáàrà

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn òwò ẹrú, etí òkun ni ẹ̀kọ́ náà sábà máa ń parí sí. A ó sọ bí ogun ṣe kó ènìyàn, bí wọ́n ṣe dè wọ́n lọ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì, bí ọkọ̀ ṣe gbé wọn lọ. Lẹ́yìn náà a ó fò sí ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà, àfi bí ẹni pé òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó dá ẹrú sílẹ̀ láyé. Ohun tí àwọn ẹrú fúnra wọn ṣe sí ọ̀rọ̀ ara wọn kì í sábà wọ inú ẹ̀kọ́ náà. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ yẹ èyí tí ó tóbi jù lọ wò nínú ohun tí wọ́n ṣe, èyíinì ni ọ̀tẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Domingue ní 1791, tí ilẹ̀ náà fi di orílẹ̀-èdè Háítì ní 1804. A kò ní lè ro gbogbo ogun náà tán. Ìbéèrè kan ni ó jẹ wá lógún: nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn tán, kí ni ó yí padà fún ẹni tí ó ń mú àdá lọ́wọ́ ní oko ìrèké?

Èrò tiwa ni pé ogun náà pa àṣà kí ènìyàn máa ní ènìyàn bí ẹrù rẹ́, ṣùgbọ́n kò pa oko ńlá rẹ́. Àwọn ọ̀gágun tí ogun gbé ga fẹ́ kí oko ńlá dúró. Àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni kò gbà. Ìjà méjì ni ó wà nínú ọ̀tẹ̀ kan ṣoṣo yìí, èkejì ni a kì í sábà gbọ́.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì kí a tó wọ inú iṣẹ́. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pè, àwa kò tí ì ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún un tí gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Àwọn kan ń pè é ní ìdìtẹ̀, ṣùgbọ́n ìdìtẹ̀ lè jẹ́ ti ìjòyè mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ yọ ọba lóyè. Rògbòdìyàn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jà kí ó sì parí lọ́jà láìní orí, láìní ìdí. Àwọn mìíràn ń pè é ní àyípadà, bẹ́ẹ̀ àyípadà lè dé láìsí ariwo kankan. Àwa yóò lo ọ̀tẹ̀ fún ìjà náà, a ó sì lo àyípadà fún ohun tí ó di ọ̀tun nínú ìgbé-ayé àwọn ènìyàn. A mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, nítorí pé ní Saint-Domingue àwọn méjèèjì kò jọ rìn pọ̀.

Ilẹ̀ Náà àti Àwọn Ènìyàn Rẹ̀

Saint-Domingue ni apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Hispaniola. Sípéènì fi í sílẹ̀ fún Faransé nínú àdéhùn Ryswick ní 1697. Nígbà tí yóò fi di 1789, kò sí ilẹ̀ kankan lábẹ́ Faransé lókè òkun tí ó ń mú owó wọlé tó o. Ṣúgà rẹ̀ àti kọfí rẹ̀ ni ó kún ọjà Yúróòpù. Aró àti òwú sì ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn ẹrú tí ó wà níbẹ̀ tó bí 500,000. Àwọn òyìnbó kò ju bí 30,000 lọ. Àwọn tí wọ́n ti di òmìnira, ìyẹn àwọn ọmọ àdàlù àti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti rà padà tàbí tí olówó wọn dá sílẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwọn òyìnbó níye. Kí a má ṣe rò pé àwọn wọ̀nyí wà lẹ́yìn ẹrú: púpọ̀ nínú wọn ní oko kọfí, wọ́n sì ní ẹrú tiwọn.

Ikú pọ̀ ju ìbí lọ nínú àwọn ẹrú yìí. Kàkà kí àwọn olóko dín ìyà kù, wọ́n rí i pé ó rọrùn fún wọn láti máa ra òmíràn. Ní àwọn ọdún tí ó kángun sí ọ̀tẹ̀, àwọn tí wọ́n ń kó wọlé lọ́dún kan tó bí 30,000. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní 1791, èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ẹrú àgbà ni wọ́n bí sí ilẹ̀ Áfríkà. Àwọn ará Kóńgò ni ó pọ̀ jù nínú wọn ní àwọn ọdún ìkẹyìn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Arada wà níbẹ̀, àwọn Nàgó náà wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn ènìyàn tiwa. Ohun kan wà tí àwọn olóko kò kà sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rà ni a mú lójú ogun, wọ́n sì ti jagun rí kí a tó mú wọn. Ìbọn kò ṣàjèjì sí wọn.

Iṣẹ́ oko ìrèké kì í ṣe iṣẹ́ tí a lè fi ẹnu sọ tán. Ní àkókò ìkórè, ẹ̀rọ tí ń fún omi ìrèké kì í sùn, àwọn tí ń bọ ọ́ ni oorun ń kùn. Bí ẹ̀rọ bá mú ìka ẹnìkan, yóò fa gbogbo apá rẹ̀ wọlé. Nítorí náà wọ́n a máa gbé àdá sí ìtòsí láti fi gé apá náà kí ènìyàn má bàa bá a lọ. Òfin tí ọba Faransé ṣe ní 1685 lórí ọ̀rọ̀ ẹrú fi ààlà díẹ̀ sí ohun tí olówó lè ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe olówó lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀?

Ohun kan tún wà tí ó kéré lójú, tí a sì fẹ́ kí òǹkàwé wa fi sọ́kàn. Kí owó oúnjẹ má bàa pọ̀, àwọn olóko a máa fún ẹrú ní ilẹ̀ kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí ìrèké kò ti lè ṣe dáadáa. Níbẹ̀ ni ẹrú ti ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewébẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ṣẹ́ kù, wọn a gbé e lọ sí ọjà. Ilẹ̀ kékeré yìí nìkan ni ibi tí ẹrú ti jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀, àwọn obìnrin sì ni ó jẹ gàba lórí ọjà náà. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ dé, tí a bi àwọn ènìyàn náà léèrè ohun tí òmìnira jẹ́ lójú wọn, ọgbà yìí ni wọ́n nawọ́ sí.

Iná ní Àríwá, 1791

Ìròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Paris ní 1789 dé Saint-Domingue, olúkúlùkù sì túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Àwọn olóko òyìnbó túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí ìjọba Faransé yé dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn ọmọ àdàlù túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí àwọn àti òyìnbó di ọgbọọgba. Vincent Ogé, ọ̀kan nínú wọn, gbé ìbọn ní oṣù kẹwàá ọdún 1790. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì so òun àti Chavannes mọ́ kẹ̀kẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1791, wọ́n fọ́ egungun wọn títí wọ́n fi kú. Ogé kò bèèrè òmìnira fún ẹrú rárá. Kò sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀ fún wọn.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1791, tí ó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn ẹrú láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko ní àríwá pàdé ní oko Lenormand. Kì í ṣe àwọn mẹ̀kúnnù inú ẹrú ni wọ́n. Olórí ẹgbẹ́ iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, tàbí àwọn tí ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin olówó wọn, àwọn tí wọ́n lè rìn láti oko dé oko láìsí ìbéèrè. Boukman, tí ó di aṣáájú wọn, wà lára wọn. Ètùtù kan wà pẹ̀lú tí a sọ pé wọ́n ṣe ní ibi tí wọ́n ń pè ní Bois Caïman. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ni Antoine Dalmas, oníṣègùn òyìnbó kan, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1814. Ọ̀tá ni ó kọ ọ́, nítorí náà ó yẹ kí a máa fi ìṣọ́ra kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí àwa náà ti ń mu májẹ̀mú kí a tó lọ sójú ogun kò ní rí ohun ìyanu kankan níbẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, iná sọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún oko ni ó ti di eérú. Àwọn ọlọ́tẹ̀ sun ìrèké, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ, wọ́n fọ́ àwọn ìkòkò ńlá tí a fi ń se omi ìrèké. A kò sì ní fi èyí pamọ́: wọ́n pa òyìnbó, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Àwọn òyìnbó náà pa ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí tí ó dúdú, ì báà ṣe ọlọ́tẹ̀, ì báà má ṣe é; wọ́n gbé orí ènìyàn kọ́ sí orí igi lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n pa Boukman ní oṣù kọkànlá, wọ́n gbé orí rẹ̀ síta ní ìlú Le Cap kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ní Yúróòpù, àwọn òyìnbó tí ó kú ni ìwé ìròyìn ń sọ. Àwọn àgbà wa ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn ìwà ipá ọ̀tẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kó èyí tí ó ti wà nílẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn sórí òṣùwọ̀n kan náà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n èké ni ó gbé lọ́wọ́.

Lójú tiwa, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n ju iná lọ. Jean-François àti Biassou, tí wọ́n di olórí lẹ́yìn Boukman, kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àwọn òyìnbó fún àdéhùn. Ohun tí wọ́n bèèrè ni òmìnira fún àwọn olórí ogun, bí irínwó ènìyàn; nígbà tí ó ṣe, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí bí ọgọ́ta. Wọ́n ṣèlérí pé bí a bá fún àwọn ní èyí, àwọn yóò ran ìjọba lọ́wọ́ láti dá ọ̀kẹ́ àìmọye tí ó kù padà sí oko. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn gbọ́, inú bí wọn. Tiwọn ni pé kí a mú pàṣán kúrò, kí a sì fún àwọn ní ọjọ́ púpọ̀ sí i nínú ọ̀sẹ̀ fún ọgbà àwọn. Ìgbéraga àwọn òyìnbó ni kò jẹ́ kí àdéhùn náà wáyé: wọ́n ní àwọn kì í bá ẹrú tí ó ṣọ̀tẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun tí olórí ń fẹ́ àti ohun tí ọmọ ẹ̀yìn ń fẹ́ ti yapa.

Òmìnira Pẹ̀lú Ìjánu

Ní 1792, Faransé fún àwọn ọmọ àdàlù ní ẹ̀tọ́ bí ti òyìnbó, wọ́n sì rán àwọn aṣojú wá, Sonthonax àti Polverel ni ó ṣe pàtàkì nínú wọn. Nígbà tí yóò fi di 1793, Sípéènì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbógun ti Faransé. Ogun abẹ́lé láàárín àwọn òyìnbó fúnra wọn mú kí Le Cap jóná ní oṣù kẹfà. Sonthonax kò ní ọmọ ogun. Àwọn ẹrú nìkan ni ó lè gbà á là, ó sì mọ ohun tí wọn yóò gbà. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1793, ó kéde pé kò sí ẹrú mọ́ ní àríwá. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1794, ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris fi òfin pa oko ẹrú rẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Faransé. Jean-Baptiste Belley, ẹrú àtijọ́ tí wọ́n bí ní Senegal, wà nínú àwọn aṣojú Saint-Domingue tí ó jókòó níbẹ̀. Kí òǹkàwé kíyè sí ètò ọ̀rọ̀ náà: iná ni ó ṣáájú, òfin ni ó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìkéde náà dé ìsàlẹ̀. Sonthonax ní kí àwọn tí a dá sílẹ̀ dúró sí oko tí wọ́n wà. Wọn kò gbọdọ̀ lù wọ́n ní pàṣán mọ́, wọn yóò sì pín ìdá mẹ́ta èrè oko, kí ìdá kan jẹ́ tiwọn. Orúkọ wọn kì í ṣe ẹrú mọ́, àgbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò lè kúrò ní oko ẹlòmíràn.

Polverel ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù, ibẹ̀ sì ni ìtàn náà ti dùn. Àwọn àgbẹ̀ tuntun yìí ní ọjọ́ márùn-ún ni àwọn yóò máa ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, kí àwọn fi ọjọ́ kan sí i lórí ọjọ́ Àìkú fún ọgbà àwọn. Polverel ní bí wọ́n bá mú ọjọ́ márùn-ún, ìdajì ìpín wọn ni yóò lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò wo ojú owó, wọ́n mú ọjọ́ wọn. Àwọn obìnrin tún dìde. Òfin náà fún wọn ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ohun tí ó fún ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń fi ọkọ́ àti àdá ṣiṣẹ́, nítorí ogun ti kó àwọn ọkùnrin lọ, àwọn ọkùnrin mìíràn sì wà nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n bèèrè pé ṣé àwọn ń pẹ́ dé oko ju ọkùnrin lọ ni, àbí àwọn ń tètè kúrò níbẹ̀. Polverel kò gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wà nínú àkọsílẹ̀: àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ ẹrù ẹlòmíràn ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni ó ń bá aṣojú ìjọba jiyàn owó iṣẹ́. Bí a bá ń wá ibi tí àyípadà ti fojú hàn, ibí yìí ni a ó nawọ́ sí, kì í ṣe ojú ogun kankan.

Toussaint àti Oko

Wọ́n bí Toussaint Louverture ní oko Bréda ní nǹkan bí 1743. Ó ti di òmìnira kí ọ̀tẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bá àwọn Sípéènì jagun, ó yí sọ́dọ̀ Faransé ní 1794, ó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ ní 1798, ó ṣẹ́gun Rigaud ní gúúsù ní 1800, ó sì wọ apá ti Sípéènì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1801. Ọgbọ́n orí rẹ̀ kò ní àfiwé ní ìgbà ayé rẹ̀, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ sọ ni èyí tí ó ṣe sí àwọn àgbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1800, ó pàṣẹ pé bí ọmọ ogun ṣe wà lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni kí àgbẹ̀ wà lábẹ́ olóko; ẹni tí ó bá fi oko sílẹ̀ láìgbàṣẹ, bí ọmọ ogun tí ó sá lójú ogun ni wọn yóò ṣe é. Àwọn ọ̀gágun rẹ̀ di alábòójútó oko. Dessalines, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn, kì í fi pàṣán lu ènìyàn nítorí òfin kọ̀ ọ́. Igi ni ó fi ń lù wọ́n. Ní oṣù kejì ọdún 1801, Toussaint tún fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ tí kò tó àádọ́ta *carreau*, ìyẹn ju ọgọ́ta hẹ́kítà lọ. Ta ni nínú àwọn ẹrú àtijọ́ ni ó lè ra èyí? Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ènìyàn bíi mélòó kan a dáwó jọ, wọn a ra ilẹ̀ díẹ̀, wọn a sì gbin oúnjẹ síbẹ̀. Èyí gan-an ni òfin náà fẹ́ dá dúró. Ìwé òfin tí ó ṣe ní ọdún náà sọ pé kò sí oko ẹrú mọ́ láéláé, ó sì fi òun fúnra rẹ̀ ṣe gómìnà títí ọjọ́ ikú. Ìwé kan náà fàyè gba kí ìjọba mú àwọn àgbẹ̀ wọlé láti òkè òkun kí oko ńlá lè gbèrú.

Ó ní ìdí tí ó fi ṣe é. Ìbọn àti ẹ̀tù, owó ni a fi ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ṣúgà àti kọfí nìkan sì ni ó ń mú owó wọlé. Ó mọ̀ pé Faransé lè padà wá lọ́jọ́kọ́jọ́. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ti ilé wa wò ó. Ìwọ̀fà ní gbèsè tí ó mọ iye rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá san án tán, ó ń lọ sí ilé rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀ fún oko tirẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Àgbẹ̀ inú òfin 1800 kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kò sì ní ọjọ́ ìsanwó. Ipò rẹ̀ sàn ju ti ẹrú lọ, nítorí a kò lè tà á, a kò sì lè ta ọmọ rẹ̀. Bóyá ó sàn ju ti ìwọ̀fà lọ ni ó kù tí a kò gbà.

Moïse, ọmọ tí Toussaint ń pè ní ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ọ̀gágun àríwá. Òun kò fẹ́ máa fi ipá mú àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1801, àwọn àgbẹ̀ àríwá dìde, wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ òyìnbó olóko, wọ́n ń fi orúkọ Moïse kígbe. Toussaint pa ọ̀tẹ̀ náà láìṣàánú, wọ́n sì yìnbọn pa Moïse ní oṣù kọkànlá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ogun Faransé gúnlẹ̀. A rò pé ẹni tí ó bá ń bèèrè ìdí tí púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ kò fi tètè dìde gbèjà Toussaint ní 1802 yẹ kí ó ka oṣù méjèèjì yìí dáadáa.

Ogun Ìkẹyìn

Ọ̀rọ̀ ogun 1802 sí 1803 ti wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, nítorí náà a ó sáré kọjá. Napoleon rán Leclerc, ọkọ àbúrò rẹ̀, wá. Christophe sun Le Cap ní oṣù kejì ọdún 1802 kí àwọn Faransé má bàa rí i lò. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọ̀gágun túúbá lọ́kọ̀ọ̀kan, Toussaint pẹ̀lú. Wọ́n mú un ní oṣù kẹfà, ó sì kú sí ẹ̀wọ̀n Fort de Joux ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1803.

Ohun tí àwọn ìwé kì í tẹnu mọ́ ni pé ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, Dessalines àti Christophe wà nínú iṣẹ́ Faransé, wọ́n ń gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àwọn tí kò sọ ìbọn wọn kalẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké orí òkè, àwọn tí wọ́n bí sí Áfríkà ni ó pọ̀ nínú wọn, Sans-Souci àti Macaya sì wà nínú àwọn olórí wọn. Àwọn ọ̀gágun tí wọ́n bí sí erékùṣù náà ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n ń pe gbogbo wọn ní Kóńgò. Nígbà tí ìròyìn dé pé Faransé ti dá oko ẹrú padà ní Guadeloupe, kò sí ẹni tí ó tún lè tan ara rẹ̀ jẹ mọ́. Ibà pọ́njú ń pa àwọn ọmọ ogun Faransé bí eṣinṣin. Leclerc fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kọkànlá. Dessalines àti Christophe yí padà, wọ́n sì sọ pé àwọn ni olórí ogun. Sans-Souci kò gbà láti tẹrí ba fún àwọn tí ó ń lé e kiri lánàá. Christophe pè é sí ìpàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1803, wọ́n sì pa á síbẹ̀.

Rochambeau, tí ó gba ipò Leclerc, kó ajá wá láti Cuba láti máa fa ènìyàn ya, ó sì ri ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú òkun. Ogun parí ní Vertières ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1803. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1804, ní Gonaïves, Dessalines kéde òmìnira, wọ́n sì fi orúkọ àtijọ́ tí àwọn onílẹ̀ ń pè é pe ilẹ̀ náà: Háítì.

Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún náà, Dessalines pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn Faransé tí ó ṣẹ́ kù, láti ìlú dé ìlú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó kú, obìnrin àti ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn ará Poland tí wọ́n ti sá kúrò lẹ́yìn Faransé, àwọn oníṣègùn àti àwọn àlùfáà kan ni wọ́n dá sí. Àwọn kan ní ẹ̀rù pé Faransé yóò padà ni ó fà á. Ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ogun ti parí, àwọn tí wọ́n pa kò ní ohun ìjà lọ́wọ́, a kò sì rí ẹ̀wù tí a lè fi wọ ọ̀rọ̀ náà tí yóò fi di ohun mìíràn. Ìwé òfin 1805 sọ pé òyìnbó kankan kò ní tẹ ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tàbí onílé mọ́, ó sì sọ pé orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ Háítì yóò máa jẹ́ ni aláwọ̀ dúdú, títí kan àwọn ará Poland àti Jámánì tí a gbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀.

Ta Ni Ó Jogún Oko?

Oko àwọn Faransé di ti ìjọba. Dessalines ń fi wọ́n ya fún àwọn ọ̀gágun, ó sì fi àwọn àgbẹ̀ sí abẹ́ òfin bí ti Toussaint. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ìwé ilẹ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ wò, láti mọ ẹni tí ó fi èrú gba oko, wọ́n pa á ní Pont-Rouge ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1806. Ilẹ̀ pín sí méjì. Christophe, tí ó jọba ní àríwá, di oko ńlá mú ṣinṣin. Pétion ní gúúsù kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Láti 1809, ó ń pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, kékeré fún kékeré, ńlá fún ńlá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú àwọn wọ̀nyí ni ó fọ́ oko ńlá. Àwọn àgbẹ̀ ni ó fi í sílẹ̀. Wọ́n gun òkè lọ, wọ́n ń gbé lórí ilẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó bi wọ́n, wọ́n ń gbin ohun tí wọn yóò jẹ, wọ́n sì ń ká kọfí láti ara igi tí àwọn olóko àtijọ́ fi sílẹ̀. Ní 1791, ṣúgà tí ó jáde ní erékùṣù náà lé ní mílíọ̀nù lọ́nà 160 pọ́ùn ní ìwọ̀n. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1820 sí 1830, ṣúgà tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun kò tó ohun tí a ń kà mọ́. Àwọn òyìnbó tí ó ṣèbẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ náà ti bàjẹ́, ọ̀lẹ sì ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ń wá ṣúgà nìyẹn. Ẹni tí ó bá wá iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní kọ ohun tí ó jọ ọ́.

Lórí òkè náà ni ohun tí wọ́n ń pè ní *lakou* ti gbilẹ̀: ilé mélòó kan yí àgbàlá kan ká, ẹbí kan náà ni ó ń gbé ibẹ̀, ibojì àwọn baba ńlá wà nítòsí, ojúbọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A kò ní láti ṣàlàyé púpọ̀ fún ẹni tí a tọ́ ní agbo ilé. Nínú àwọn tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, ọ̀wọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Nàgó títí di òní. Ogou ni ó ṣáájú wọn, alágbẹ̀dẹ àti jagunjagun, Ògún wa sì ni. Ọ̀kan nínú orúkọ rẹ̀ ni Ogou Badagri. Orúkọ èbúté tí wọ́n ti kó àwọn ènìyàn náà lọ ni wọ́n sọ di orúkọ òrìṣà.

Ìjọba kò dákẹ́. Boyer, tí ó pa ilẹ̀ náà pọ̀ lẹ́yìn ikú Christophe ní 1820, tún ṣe òfin àwọn ará oko ní 1826, ó ní kí àgbẹ̀ dúró sí oko ńlá lábẹ́ ìwé àdéhùn, kí wọ́n má ṣe máa rìn kiri láìgbàṣẹ. Òfin náà kò múlẹ̀. Kò sí ọmọ ogun tí ó pọ̀ tó láti lé gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà sì ní ilẹ̀ tiwọn tí wọ́n fẹ́ lọ ro.

Ohun tí ó mú Boyer ṣe òfin yẹn ni gbèsè. Ní 1825, ọkọ̀ ogun Faransé gúnlẹ̀ sí Port-au-Prince pẹ̀lú àṣẹ ọba Charles Kẹwàá: bí Háítì bá fẹ́ kí Faransé gbà pé ó ti di òmìnira, kí ó san mílíọ̀nù lọ́nà 150 owó francs fún àwọn olóko àtijọ́, fún ohun ìní wọn tí ó sọnù. Ẹrú wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣírò ìní náà. Boyer fọwọ́ sí i. Ní 1838, wọ́n dín gbogbo rẹ̀ kù sí mílíọ̀nù lọ́nà 90, ṣùgbọ́n Háítì ti yá owó ní Paris láti fi san apá àkọ́kọ́, èlé sì ti gun orí gbèsè. Orí kọfí ni ìjọba ti ń gba owó náà, nípa owó orí ẹrù tí ń jáde ní èbúté. Kọfí náà, àwọn ará orí òkè ni ó ń ká a, tí wọ́n ń sá a sí àgbàlá, tí àwọn obìnrin sì ń rù ú sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà. Ọdún 1947 ni wọ́n tó san ìyókù àwọn owó tí wọ́n yá nítorí rẹ̀ tán.